Gíà Honda mi ń wọlé gbì tó bá ti gbóná, ṣé ọ́ìlì gíà ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Sábó: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Honda Accord 2004 ni mò ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, ẹ́ńjìnnì pulọ́ọ̀gì mẹ́rin, gíà ọ́tò. Ẹja ni mò ń tà níbí n'Ìkòròdú, ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kó o, ọ̀nà Itoikin ni mo máa ń gbà bọ̀, búùtù á kún, kúlà á tún wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ti ṣe díẹ̀ tí ọkọ̀ yìí ti ń ṣe mí bákan. Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra láàárọ̀ kò sí wàhálà, àmọ́ tó bá ti gbóná, pàápàá tí mo bá kó sínú gósílóò, tó bá fẹ́ kúrò ní gíà kìíní bọ́ sí ìkejì á kọ́kọ́ dúró, ẹ́ńjìnnì á ké, kó tó wá wọlé gbì. Tí mo bá fi sí rìfáásì náà gbogbo ọkọ̀ á mì. Láìtì D ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó máa ń ṣẹ́jú tí gíà bá ní wàhálà, kò ṣẹ́jú o.

Mekáníìkì tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ fọ inú gíà yẹn kóun tó da ọ́ìlì tuntun sí i. Ẹlòmíì ní kí n má fọwọ́ kan ọ́ìlì ẹ̀ rárá, pé tí wọ́n bá ti yí ọ́ìlì tó ti pẹ́, gíà máa kú ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ ra gíà tokunbọ̀ ní Ládiípọ̀ kọ́kàn mi balẹ̀. Owó ọjà mi ni màá fi ra gíà, ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn. Ṣé ọ́ìlì lè tún un ṣe, àti pé irú èwo ni kí n rà?

Bàbá Ìbejì, Ìgbógbó: Ẹ kú ọjà màmá. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fa gèéjì gíà yọ ẹ wo ọ́ìlì yẹn lórí tíṣù funfun. Tó bá pupa mọ́lẹ̀ ó ṣì dáa, tó bá ti di bíráàwùn ó ti pẹ́, tó bá dúdú tó ń rùn bíi nǹkan tó jóná, ẹ yára. Tó bá ń funfun tó dà bíi Bòǹfítà ẹlẹ́mìíkì, omi ti wọ inú ẹ̀ nìyẹn, yálà ràdíétọ̀ ló ń jò sí i ni o, torí inú ràdíétọ̀ ni ọ́ìlì gíà ti ń lọ tutù, tàbí ẹ ti wọ àgbàrá tó jìn. Bí òjò ṣe ń rọ̀ láwọn àdúgbò wa yìí ó yẹ kéèyàn máa wò ó dáadáa.

Ọ̀gá Gíà, Odògúnyàn: Gíà ni iṣẹ́ mi, Honda sì pọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀. Gíà ọ́tò Honda yìí kò rí bíi tàwọn yòókù, ṣáàfù ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ti gíà manual, gíà kọ̀ọ̀kan wá ní kúlọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, ọ́ìlì ló sì ń fi agbára ti kúlọ́ọ̀ṣì yẹn pa pọ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe kí irin má jẹ irin nìkan ni ọ́ìlì yẹn wà fún, òun gan-an ló ń fi gíà wọlé. Tó bá ti gbó, ooru gósílóò á ti sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí kúlọ́ọ̀ṣì di ara ẹ̀ mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á ti tán nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá gbóná ló ń ya wèrè. Pẹ̀lú ẹrù ẹja tí ẹ ń kó, ooru yẹn á tún pọ̀ sí i.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ o. Ẹ̀rọ yẹn lè ti ìdọ̀tí tó ti sùn jẹ́ẹ́ wọ inú ihò tóóró tó wà nínú fáàfù àti solenoid (fáàfù kékeré tí iná ń ṣí tó ń pàdé), ohun tó kàn ń wọlé gbì tẹ́lẹ̀ á wá kọ̀ kò ní wọlé mọ́. Ẹ ní kó jò ó dànù látìsàlẹ̀, kó da tuntun sí i. Tiyín yìí ń gba bíi lítà 6 àbọ̀ lápapọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, bíi lítà 2 àbọ̀ ló máa jáde, ìyókù wà nínú torque converter, ìyẹn ìkòkò tó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ gíà, àti láwọn ibòmíì nínú gíà. Torí náà ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ wà á fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà yẹn bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ́ìlì inú ẹ̀ á ti di tuntun.

Irú ọ́ìlì: Z1 ni Honda fi sí i nígbà yẹn, DW-1 ló wá rọ́pò ẹ̀. Ẹ ra DW-1 lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, féèkì pọ̀ níta. Tẹ́ ò bá rí i, Valvoline MaxLife ATF náà ń ṣiṣẹ́ nínú Honda. Dexron III tí wọ́n máa ń bù nínú dúrọ́ọ̀mù ńkọ́? Ìwé tó bá àwọn Honda ìgbà yẹn wá sọ pé tí kò bá sí ọ́ìlì Honda, èèyàn lè fi Dexron III rọ́pò fúngbà díẹ̀, àmọ́ téèyàn bá ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀, á ba bí gíà ṣe ń wọlé jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló wà nínú tiyín báyìí. Ẹ má sì gba ọ́ìlì CVT lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, irú gíà mìíràn ló wà fún.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi kan pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ kan gíà kò fà mọ́. Ọkọ̀ tó ṣì ń rìn ẹ jẹ́ kó máa rìn jàre.

Ọ̀gá Gíà, Odògúnyàn: Àbúrò mi, mo ti rí irú ẹ̀ náà dáadáa. Èèyàn kì í sáré pààrọ̀ ọ́ìlì àfìgbà tí gíà bá ti ń yọ̀, tí kúlọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán, wọ́n á wá da tuntun sí i kó lè jí, kò ní jí, wọ́n á ní ọ́ìlì ló pa á. Ọ́ìlì kì í hu kúlọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ. Màámi tètè kíyè sí tiwọn, ó ṣì ń wọlé, láìtì D kò ṣẹ́jú, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ skan kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò kí wọ́n tó náwó. Tí kóòdù P0730 bá jáde, kọ̀ǹpútà ti rí i pé gíà ń yọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti kọjá ọ́ìlì nìkan.

Dráífà Agric: Ẹ̀yin ń sọ gíà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ẹ́ńjìnnì sítìn, rọ́bà tó di ẹ́ńjìnnì àti gíà mú sára ọkọ̀? Ọkọ̀ tó bá ń mì tẹ́ ẹ bá fi sí rìfáásì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ni kan tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ kó máa yí i láti D sí R, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe iwájú, ẹ wo ẹ́ńjìnnì. Tó bá ń fò sókè, sítìn ti já. Accord yìí máa ń jẹ sítìn gan-an, èmi fi ń ṣe káábù láti Ìkòròdú dé Ketu, mo mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Sábó: Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo fa gèéjì yẹn yọ, ó bíráàwùn gan-an, ó ń rùn díẹ̀ àmọ́ kò dúdú, kò sì funfun. Ọmọ mi bá mi wo sítìn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ti ya. Gèéjì yẹn wá ń dà mí láàmú, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ó máa ń fi ibòmíì hàn, tí mo bá pa á á tún yàtọ̀.

Ọ̀gá Gíà, Odògúnyàn: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè èyí, torí àwọn mekáníìkì náà ń ṣì í wò. Ti Honda, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa títí fáànù ràdíétọ̀ á fi ṣiṣẹ́, kó dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, kẹ́ ẹ wá fa gèéjì láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́, á tàn yín, ẹ máa rò pé kò tó, ẹ máa da àpọ̀jù sí i. Àpọ̀jù náà burú, á máa hó, afẹ́fẹ́ á wọ inú ẹ̀, gíà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Ẹni Camry, Ìta Ẹlẹ́wà: Ọ̀gá, Camry 2008 ni tèmi, pulọ́ọ̀gì mẹ́rin, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

Ọ̀gá Gíà, Odògúnyàn: Rárá o. Ọ́ìlì Toyota WS ni tiyín, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo gèéjì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yí i káàkiri gbogbo gíà padà sí P. Ẹ má da DW-1 sí i.

Màámi, ẹ pààrọ̀ sítìn yẹn àti ọ́ìlì àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kan náà. Nọ́ọ̀tì ọ́ìlì gíà Honda ní ihò onígun mẹ́rin lójú, ratchet 3/8 ló ń wọ̀ ọ́ tààrà láìsí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i pé òun ni wọ́n ṣí, torí àwọn kan máa ń ṣì í ṣí nígbà tí wọ́n fẹ́ jo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Mágnẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu nọ́ọ̀tì yẹn. Tó bá jẹ́ nǹkan bí ẹrẹ̀ dúdú ló lẹ̀ mọ́ ọn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ nù ún kúrò. Tó bá jẹ́ èérún irin lẹ rí, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ fún mi kẹ́ ẹ tó da ọ́ìlì kankan. Kí wọ́n fi wáṣà tuntun sí i.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Sábó: Ó yé mi sà. Ṣé kí n dúró tì wọ́n tí wọ́n bá ń ṣe é àbí kí n gbé e sílẹ̀ fún wọn?

Ọ̀gá Gíà, Odògúnyàn: Ẹ dúró tì wọ́n mà. Kí wọ́n jo ti àtijọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìlà lítà lára, iye tó bá jáde ni kí wọ́n fi fọ́nẹ̀ẹ̀lì ẹnu tóóró dà padà látojú ihò gèéjì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e jáde kó gbóná kẹ́ ẹ wo gèéjì fúnra yín kẹ́ ẹ tó sanwó.