Ta ló ti rí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń po ọṣẹ sórí igi rí? Ẹ bọ́ síbí

Àkànbí: Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ jàre. Nígbà tí mò ń ṣe próójẹ́ẹ̀tì, a wà nínú igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní apá tí wọ́n ń pè ní J4, lẹ́yìn òjò, mo bá rí nǹkan funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ewé lókè ọ̀gọ̀dọ̀, ó tó ẹ̀ṣẹ́ mi, ó hó bí ọṣẹ Omo (ẹ má rẹ́rìn-ín, Omo nínú igbó Ọmọ̀). Mo ní ta ló ń fọṣọ lórí igi? Mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un, ojú òde ti gan, inú ṣì tutù, ẹyin wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀. Lálẹ́ a gbé tọ́ọ̀ṣì padà lọ, a bá onílé: ọ̀pọ̀lọ́ kékeré aláwọ̀ eérú, ara rẹ̀ rí págunpàgun bí èèpo igi, ó di ẹ̀ka mú bí èèyàn gan-an, ìka méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún.

Ìyá Ìbejì: Háà! Nǹkan yẹn náà nìyẹn? Lóko kòkó wa lápá Oǹdó, màmá mi àgbà ní ẹbọ ni, a ò gba ọ̀nà yẹn mọ́, yíyípo là ń yí po. Èmi tí mi ò gbọ́ràn, mo lọ yọjú wò ó nígbà tójò ń rọ̀, mo rí i tó ń kán tó, tó, tó sínú omi, mo rò pé òjò ni, àṣé èyí tó ń kán ní ìrù! Mo sáré délé, mi ò sọ fẹ́nì kankan àfi lónìí.

Dẹ́lé: Ẹ̀rín pa mí o, ìyá wa. Chiromantis rufescens lorúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì, láti 1869 ni Günther, onímọ̀ nípa ẹranko kan, ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó wà nínú igbó láti Làìbéríà títí dé Kóńgò. Omi tó bá jáde lára abo ni wọ́n máa ń fẹsẹ̀ ẹ̀yìn pò bí ẹni ń po àkàrà títí á fi hó, ìyẹn ni ò jẹ́ kí ẹyin gbẹ, táwọn ọmọ bá wá pa tán wọ́n á já bọ́ sómi tó wà nísàlẹ̀. Tèmi ò dáa ṣá. Mo gé ẹ̀ka kan tòun tilé wọn wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo so ó sókè garawa omi. Mo jáde lọ jẹun, kí n tó dé, ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ti rò pé ọṣẹ tí mo fi pamọ́ ni, ó ti kó gbogbo ẹ̀ sínú garawa, ó ń fi fọ ìbọ̀sẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ó hó?