Ta ni wọ́n ti lẹ wáyà mọ́ lórí rí nítorí wárápá?

Ọmọ Tákíẹ̀: Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, tí ẹnu ń hó. Dókítà ní ká lọ ṣe EEG, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ni lórí láti wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Màmá wa fárí gá, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní fi iná NEPA sí ọmọ àwọn lórí. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí?

Ìyá Ìbejì Sábó: Kò dunni rárá. Irun ló dùn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú, wọ́n ní kí n tú u, kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ ku òróró kankan lórí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Alágbàdo: Owó ṣùkú lẹ fẹ́ sunkún lé, àìsàn ńkọ́? 😂

Ìyá Ìbejì Sábó: Ìwọ ṣáà san án padà fún mi.

Bàbá Ṣeun: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọmọ ọdún 8 ni ọmọbìnrin mi nígbà náà. Tíṣà ránṣẹ́ pè wá pé kì í fetí sílẹ̀. Bó bá ń kọ̀wé lọ́wọ́, bírò á dúró, ojú á ranjú, ìpéǹpéjú á máa gbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Kó o tó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń kọ̀wé rẹ̀ lọ. Kò ṣubú rí, ẹnu rẹ̀ kò hó rí. Ta ni yóò ronú kan wárápá? Tíṣà nà án, èmi náà nà án. Ìyá mi ní ẹgbẹ́ ọ̀run rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀, a ṣe sàráà, àwọn ọmọ àdúgbò jẹ àkàrà àti ìrèké yó.
Níbi EEG, wọ́n ní kó máa fẹ́ atẹ́gùn jáde kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 3, bí ẹni ń fẹnu fẹ́ná. Kò tíì tó ìṣẹ́jú 2 tó fi dákẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn ìlà tó ti ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi fò dìde: ṣóńṣó kan, ebè kan, ṣóńṣó kan, ebè kan, gbogbo wáyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó pe "ìrẹsì" sí i létí. Nígbà tó máa fi tó bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ìlà tún tẹ́ pẹrẹsẹ, ọmọ tún ń fẹ́ná rẹ̀ lọ. Wọ́n bi í pé kí ni wọ́n pè. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, ṣé wọ́n se ìrẹsì ni?
Mo jáde síta. Gbogbo ìgbájú tí mo ti gbá a ni mo ń kà.

Àdùkẹ́ Ọ̀yọ́: Ìrẹsì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ìgbájú yẹn pa mí lẹ́kún.

Tíṣà Òkè-Adó: Mo ní irú ọmọ yìí ní kíláàsì mi báyìí. Àná ni mo ní kó kúnlẹ̀.

Alágbàdo: Tíṣà, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́la.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀dé: Ọmọ Tákíẹ̀, sọ fún màmá pé wáyà yẹn kì í fi iná síni lára. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iná tirẹ̀, ó kéré débi pé kò lè tan nǹkan kan. Wáyà kàn ń gbọ́ ọ ni. Ọdún 1924 ni dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, ti kọ́kọ́ gba irú ìlà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí èèyàn. Bí iná yẹn bá ń lọ ségesège lójijì, tí gbogbo rẹ̀ ń bú jáde pọ̀, òun ni wárápá.

Kọ́ńdọ́ Àkẹ̀sán: Irọ́ ni. Tèmi mọ́ tónítóní, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì mo ṣubú sínú ọjà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní mo ń díbọ́n kí n má baà san gbèsè.

Alágbàdo: Ṣé o jẹ gbèsè lóòótọ́?

Kọ́ńdọ́ Àkẹ̀sán: Ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀dé: Nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ń gba ìlà. Bí kò bá sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ààbọ̀ wákàtí yẹn, ìlà lè mọ́, kí wárápá sì wà ńbẹ̀. Ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n lè ní kó o má sùn lóru tó ṣáájú, torí àìsùn máa ń fà á jáde.

Ìyá Ìbejì Sábó: Bàbá Ṣeun, oògùn wárápá tí wọ́n ń pè ní Tegretol ni mò ń lò, ó bá mi lára mu gan-an. Ẹ wá a fún un.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀dé: Ẹ jọ̀ọ́ o! Irú ti ọmọ yẹn, Tegretol lè dá kún un. Ìdí tí wọ́n fi ń wo ìlà gan-an nìyẹn, torí wárápá kì í ṣe oríṣi kan.

Bàbá Ṣeun: Wọ́n ti fún un ní oògùn tirẹ̀, ẹ ṣé. Kò ranjú mọ́.

Ògbólógbòó: Gbogbo yín ń náwó. Ìtọ̀ màlúù pẹ̀lú ewé tábà ni bàbá wa ń lò fún gìrì.

Àdùkẹ́ Ọ̀yọ́: Mélòó ló kù láyé nínú àwọn tó mu ún?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀dé: Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn nìkan tó láti gbé gìrì míì dé. Gìrì ọmọ tí ibà ń ṣe kì í sì í ṣe wárápá, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ògbólógbòó: Èmi mu ún, mo wà láyé.

Alágbàdo: A ti rí i nínú ọ̀rọ̀ yín.

Kọ́ńdọ́ Àkẹ̀sán: Ẹ fi ìtọ̀ sílẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ ṣíbí. Eyín iwájú mi 2 ni ṣíbí yọ. Wárápá kò mú eyín mi rí, àwọn tó fẹ́ gbà mí là ni.

Ìyá Ìbejì Sábó: Tí kò bá sí ṣíbí, kò ní gé ahọ́n jẹ?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀dé: Ó lè géra rẹ̀ jẹ, ahọ́n á jinná. Eyín kì í hù padà. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí, ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ó di ilé ìwòsàn.

Ọmọ Tákíẹ̀: Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣeun fún màmá. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè la máa lọ. Ìbéèrè kan ló kù: àbúrò mi gbé dàda láti inú wá. Ṣé wọ́n á fá a ni?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀dé: Rárá, wọ́n á yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wáyà ṣáà kan awọ orí. Kó fọ̀ ọ́ dáadáa, kó gbẹ.

Ìyá Ìbejì Sábó: Wọ́n dá dàda sí, wọ́n ní kí n tú ṣùkú tèmi!