Màmá tó ń fi gbogbo ẹ̀bùn ta èèyàn lọ́rẹ: kí ni kí a rà fún wọn?

Àkọ́bíÌyáẸlẹ́ja:

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn màmá mi ni mo gbé wá. Màmá yóò pé 80 ọdún nínú oṣù Kejìlá. Òkè-Lísà ní Oǹdó ni wọ́n ń gbé, èmi wà ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ níbí. Àwọn àbúrò mi, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Kánádà, ti dáwó jọ, wọ́n ní èmi tí mo sún mọ́ Màmá jù ni kí n mú ohun tí a ó rà wá. Ẹni tó bá sún mọ́ Màmá gan-an ló máa mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n rán mi.

Màmá kì í lo ẹ̀bùn. Ẹ wá wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Àpótí onírin kan wà níbẹ̀, káńfọ̀ wà ní gbogbo igun rẹ̀. Léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run tí a rà nígbà tí wọ́n pé 70 ṣì wà nínú rẹ̀, wọn ò tíì rán an, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù kò tíì ṣí. Bùláńkẹ́ẹ̀tì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ bí wọ́n ṣe rà á. Àwo tánganran wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì bu ọbẹ̀ sí rí. Tí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dè, wọ́n á ní, “Ẹ ó wá a lọ́jọ́ tí èrò bá kún ilé yìí.” Ẹ̀yin náà mọ ọjọ́ tí wọ́n ń sọ. A ti gbàdúrà pé yóò jìnnà.

Èyí tí kò bá wọ àpótí, wọ́n á ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Mo lọ ra àkàrà ní ìkóríta wọn lọ́jọ́ kan, mo gbójú sókè wo ìyá aláàkàrà, sùwẹ́tà tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Kánádà ló wọ̀! Ó bá a mu, kí n má purọ́. Ẹ̀rọ ìgúnyán tí ti Èkó rà ńkọ́? Wọ́n tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ẹni tó jẹ ohun tó jáde níbẹ̀ kò tíì jẹ iyán. Adìyẹ ló ń yé sínú páálí rẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ìyàwó wòlíì.

Ara wọn le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òwò ẹja gbígbẹ ni wọ́n fi tọ́ wa, wọ́n ti fi sílẹ̀. Ọmọ ẹbí wa kan tó wà ní SS2 ló ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, òjò ìbáà máa rọ̀, wọn kì í pa á jẹ.

Owó wà lọ́wọ́ wa, ó níwọ̀n, ṣùgbọ́n ó wà. Àbúrò mi ti Kánádà ní tẹlifíṣọ̀n ńlá ni ká rà, èyí tó ń gba ògiri. Èmi ò fẹ́ ká ra ohun tó máa di ti ẹlòmíràn kí ọdún tuntun tó wọlé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

ỌmọOǹdóLÉkòó:

Fóònù ńlá! Kí wọ́n máa rí àwọn ọmọ-ọmọ lórí WhatsApp.

Àkọ́bíÌyáẸlẹ́ja:

A ti ra ìyẹn rí. Ọmọ SS2 tí mo sọ yẹn ló fi ń ta géèmù. Màmá ní palasa, fóònù kékeré àwọn, tẹ́ àwọn lọ́rùn, pé ó ní tọ́ọ̀ṣì.

AláṣọỌjàỌba:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó o. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba níbí, mo sì máa sọ ohun tí kò yẹ kí ẹni tó ń tajà sọ: ẹ má ra léèsì fún màmá ẹni 80 ọdún mọ́. Léèsì olókùúta ń wúwo, ó ń họ ọrùn, ó sì ń móoru. Ẹ̀yin ọmọ lẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ nítorí fọ́tò.

Aṣọ tí ẹnì kan ò tíì rán ló ń wọ àpótí. Ẹ ra àǹkárá tó rọ̀, tàbí àdìrẹ tí wọ́n fi òwú gidi ṣe. Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ẹ yọ́ mú búbá àtijọ́ tí Màmá máa ń wọ̀ nílé, èyí tó ti ṣá. Ìyẹn ni kí télọ̀ fi wọn tuntun. Kí ó la ọrùn fẹ̀, kí ó fi bọ́tìnì síwájú, torí apá àgbàlagbà kì í fẹ́ gòkè mọ́, gbígbé búbá gba orí wọ̀ ti di wàhálà fún wọn. Kí apá rẹ̀ gbòòrò, kí ó má gùn jù kó má máa bọ inú ọbẹ̀. Kí ó fi àpò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún hańkáṣíìfù àti kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó gbé e fún wọn, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ̀ ọ́. Aṣọ tí omi ti kàn kì í ṣe ohun àpótí mọ́. Àwọn oníbàárà mi ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àtipé ohun tí wọ́n rán mọ́ ara màmá yín, bóyá ni yóò bá ìyá aláàkàrà mu.

Nọ́ọ̀sìÒkèÀró:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn àgbà ni mò ń tọ́jú jù. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín ti Kánádà pé kí wọ́n gbọ́kàn kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ lọ wo ilé ìwẹ̀ Màmá. Ṣé táìlì ló wà nílẹ̀? Ṣé ó máa ń yọ̀ tí ọṣẹ bá kàn án? Tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí ìjókòó ilé ìgbẹ́, kí ni wọ́n ń dì mú? Tó bá jẹ́ etí ike omi ni wọ́n ń dì mú, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i. Tí egungun ìbàdí bá kán ní ọjọ́ orí yẹn, àtidìde máa ń ṣòro gidi.

Ẹ pe wẹ́dà kó gé páìpù onírin méjì, kí bíríkìlà fi símẹ́ǹtì rì í mọ́ ògiri, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ilé ìgbẹ́. Kí wọ́n kùn ún dáadáa kó má dípẹtà. Ohun tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rì mọ́ ògiri, mi ò tíì rí màmá tó tú u fún ará àdúgbò.

Ẹ ní wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ ra ẹ̀rọ BP, èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, sílé fún wọn. Èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá, lókè ìgúnpá, ni kí ẹ rà. Ti ọrùn ọwọ́ máa ń ṣì í wò tí ọwọ́ kò bá sí ní déédéé àyà, àgbàlagbà kì í sì í rántí gbé ọwọ́ síbẹ̀. Ẹ wọn bí apá Màmá ṣe tóbi tó kí ẹ tó lọ ra á, torí tí aṣọ ara ẹ̀rọ náà bá há jù, iye tó máa gbé jáde yóò ga ju bó ṣe wà lára lọ, ẹ ó sì kàn máa já ara yín láyà. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ SS2 yẹn, ẹ fún un níṣẹ́: kí ó máa kọ iye náà àti ọjọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí Màmá máa mú ìwé náà lọ bá dókítà. Tó bá ń kọjá 140/90 lemọ́lemọ́, dókítà ni kí ẹ lọ rí, ẹ má fi oògùn kún oògùn fúnra yín.

Ojú ńkọ́? Ẹ má ra awò inú agbọ̀n fún wọn. Ó lè jẹ́ kí wọ́n ka Bíbélì o, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín bóyá àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti ń jẹ ojú lábẹ́lẹ̀. Ohun tí ìyẹn bá ti gbà lójú kì í dá a padà. Tí wọ́n bá tètè rí i, oògùn wà tó ń dín ìbàjẹ́ rẹ̀ kù. Ẹ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, kí awò tó ti ibẹ̀ jáde jẹ́ ẹ̀bùn. Awò ojú ẹni kì í bá ojú ẹlòmíràn mu, ẹ ò rí i pé ìyẹn náà yanjú ọ̀rọ̀ ìtọrẹ.

Bàtà: kó ní ìdè lẹ́yìn, kí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ má yọ̀. Sílípáàsì ni kí ẹ fi ta ọ̀tá lọ́rẹ.

ÌyáÀgbàÌsìkàn:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Èmi náà ti lé ní 70, ìka kan ni mo fi ń tẹ èyí, nítorí náà ẹ ní sùúrù.

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì dára, kí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, kí ló dé tí ẹ ń wá ọgbọ́n tí màmá ò fi ní lè fún èèyàn ní nǹkan? Ìyá ẹlẹ́ja ni o sọ. Ẹni tó ń tajà lọ́jà, tó ń fi èènì sí i fún oníbàárà, tó ń fi ẹja ránṣẹ́ sí ẹni tó bímọ àti ẹni tó ń ṣàìsàn. Ọjọ́ tó fi ọjà sílẹ̀, gbogbo ìyẹn dúró. Àwọn ọmọ wá ń gbé nǹkan wá, ó ń sọ pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí lára. Ó dùn o, ṣùgbọ́n ó máa ń dà bíi pé a ti kúrò lára àwọn tí èèyàn lè yà lọ́dọ̀ wọn.

Sùwẹ́tà yẹn, mi ò bá a wí. Ìyá aláàkàrà ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ọyẹ́ ń fẹ́ lù ú, màmá rẹ sì rí i pé òtútù ń mú un.

Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ ra ohun tí yóò pín. Ẹ gbé páálí ọṣẹ wá, ẹ gbé iyọ̀ wá, ìrẹsì, ṣúgà. Ní ọdún kan, àwọn ọmọ mi ra àga ìrọ̀gbọ̀kú fún mi, mo dúpẹ́, mò ń jókòó sí i. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn kó iyọ̀ àti ọṣẹ wá. Mo jókòó sí iwájú ilé láti àárọ̀, mo ń fi ọ̀rá dì í, mo ń rán ọmọdé níṣẹ́: èyí ni ti ìyá Bọ́sẹ̀, èyí ni ti bàbá tó ń ṣọ́ ilé ìjọsìn. Wọ́n ń wọlé wá dúpẹ́, wọ́n ń jókòó, a ń sọ̀rọ̀. Ilé mi kún títí di alẹ́, kì í ṣe òkú ni wọ́n wá sin.

Kí ẹ wádìí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Ẹ san owó ẹgbẹ́ ọdún kan sílẹ̀ fún un, kó má máa dúró de ẹnì kan kó tó lè dá tirẹ̀. Tí ẹgbẹ́ bá mú aṣọ, kí tirẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́. Kí ẹ sì fún un ní owó kékeré, ₦100, ₦200, tuntun, kó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Gbogbo ọmọ tó bá wá kúnlẹ̀ kí i, kó ní ohun tó máa fà lé e lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún kan-kan tí ẹ ń fún wa yẹn, kò ṣe é pín.

AláṣọỌjàỌba:

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ń pe ọmọ mi pé kí ó wá ka eléyìí.

ỌmọOǹdóLÉkòó:

Owó tuntun dára, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn kí ẹnikẹ́ni má ná an lórí ijó lọ́jọ́ ìbí o! Òfin CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti 2007 wà níbẹ̀: ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Ní 2024 ilé ẹjọ́ ti fi í rán èèyàn lẹ́wọ̀n ní Èkó. Inú àpòòwé ni kí gbogbo yín fi sí.

Nọ́ọ̀sìÒkèÀró:

Ọ̀rọ̀ Màmá wọ̀ mí lára. Ẹ kàn bá mi dín iyọ̀ ilé wọn kù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí wọ́n pín gbogbo rẹ̀ tán pátápátá!

Àkọ́bíÌyáẸlẹ́ja:

Màmá Ìsìkàn, mo kúnlẹ̀ kí yín, mà. Mo ti kó ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi. Ti Èkó gbà lójú ẹsẹ̀. Ti Kánádà ń jiyàn pé ẹni 80 ọdún kò gbọ́dọ̀ gba iyọ̀ lẹ́bùn, pé kí ni àwọn èèyàn máa sọ. Mo ní kó máa kó owó tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bọ̀, a ó fi ṣe ilé ìwẹ̀.

Mo fọgbọ́n pe Màmá lálẹ́ àná. Mo ní, “Tí ẹnì kan bá kó ọṣẹ wá fún yín, ta lẹ máa fún?” Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n má na owó. Ìgbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ. Ẹni tí mi ò gbúròó rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì, Màmá mọ iye ọmọ tó wà nílé rẹ̀. Kírẹ́díìtì mi tán kí orúkọ tó tán. Wọ́n pè mí padà láti orí palasa, kì í ṣe ìwà wọn, wọ́n ní kí n má ra ọṣẹ tó máa ń tètè yọ́ o.

Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, páìpù ara ògiri yẹn, báwo ló ṣe yẹ kó ga tó? Bíríkìlà ń bọ̀ ní Sátidé.

Nọ́ọ̀sìÒkèÀró:

Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi gíga tirẹ̀ wọn ọ́n. Kí Màmá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí wọ́n máa ń wọ̀ wẹ̀, kí wọ́n na ọwọ́ sí ògiri, kí ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ọwọ́ bá bà ni kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ti ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, orí ìjókòó ni kí wọ́n wà kí ẹ tó sàmì. Kí ẹnikẹ́ni má dì í mú títí símẹ́ǹtì yóò fi gbẹ dáadáa, kí ẹ̀yin tí ẹ sanra jù nínú ilé sì kọ́kọ́ fi gbogbo agbára fà á wò.