Ibo ni kí n kó àwọn fọ́tò àti ohùn ìyá mi sí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Fọ́tò àti fídíò ọdún 15 ló fọ́n ká sọ́wọ́ mi: fóònù àtijọ́ méjì, fúláàṣì, CD tí mo dà wọ́n sí ní 2009, àti háàdì díìsì kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo so háàdì díìsì yẹn mọ́ kọ̀ǹpútà, ló bá ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, kò ṣí. Àyà mi já! Inú rẹ̀ ni ohùn màmá mi tó ti di olóògbé wà, ìṣẹ́jú 3 péré, ó ń bú mi pé mi ò tètè pè é. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo so ó ló tó ṣí, mo sì yára da ohun tí mo rí sórí kọ̀ǹpútà.

Mo mọ òfin 3-2-1 tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì: ẹ̀dà 3, lórí oríṣi nǹkan 2, kí 1 wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n tí mo bá kó ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ Google, wọ́n lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún 2 rẹ́. Tí mo bá kú ńkọ́? (Mi ò tíì fẹ́ kú o.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ṣé háàdì díìsì méjì ni kí n rà, àbí kí n máa sanwó ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì? Báwo lẹ sì ṣe ń sọ fáìlì yín lórúkọ?