Owó ìgò ní Jámánì, ẹ wá sọ tiyín náà

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnìkan béèrè níbí pé báwo ni kálukú ṣe ń da ilẹ̀ nù níbi tó ń gbé. Èmi ń gbé Köln ní Jámánì, wọn ò fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣeré níbí rárá. Garawa búlúù wà fún pépà àti páálí, yẹ́lò fún ọ̀rá àti agolo, búráùn fún èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé tíì, èyí tó kù ni Restmüll, ibẹ̀ ni pampers ń lọ. Ìgò tún ní àpótí tiẹ̀ lójú títì, funfun lọ́tọ̀, búráùn lọ́tọ̀, gíríìnì lọ́tọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ lọ jù ú síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday torí ariwo.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù ni Pfand. Owó ìgò náà ni. Tẹ́ ẹ bá ra omi inú ike tàbí bíà inú agolo, wọ́n á fi 25 sẹ́ńtì lé owó ọjà, ti ìgò bíà 8 sẹ́ńtì ni, ẹ mu ún tán, ẹ dá a padà, ẹ gba owó yín. January 2003 ni ti ike àti agolo yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi juice inú ike kún un ní 2022, mílíìkì ní 2024. Ẹ̀rọ kan wà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì tó ní ihò róbótó, ẹ ó ti ìgò bọ̀ ọ́, á máa yí i gbiri títí á fi rí barcode ara lébẹ̀ẹ̀lì, ó gbé e mì nìyẹn, owó á sì gòkè lójú ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá ti bó lébẹ̀ẹ̀lì yẹn tàbí tẹ́ ẹ ti tẹ ike náà pẹlẹbẹ, á tì í padà síta. Tẹ́ ẹ bá parí, á já rìsíìtì, ó di ọ̀dọ̀ kásíà.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà tó ń ṣa ìgò. Màmá kan máa ń wà níbi tí mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin, aṣọ wọn mọ́ tónítóní, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń yọjú wo inú garawa, tí wọ́n bá rí ike wọ́n á ro omi tó kù nínú ẹ̀ dànù kí wọ́n tó kì í sí báàgì. Torí irú wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi ju ìgò sínú garawa, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, kí màmá má bàa ki ọwọ́ bọ ìdọ̀tí. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan ni. Ṣé ẹ rántí kóòkì inú ìgò, tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé mínírà lọ àfi tẹ́ ẹ bá mú òfìfo ìgò wá tàbí kẹ́ ẹ fi owó ìgò sílẹ̀? Ta ló ń ju ìgò kóòkì sí gọ́tà nígbà yẹn? Ẹni tó ń ṣe ìnáwó á wá kéréètì kiri àdúgbò. Ike dé, owó ìgò lọ, ohun tó sì dí gọ́tà wa nìyẹn. Ó yẹ kí ìjọba fi owó lé ike náà, kódà kó jẹ́ náírà díẹ̀.

*

Èsì ẹlòmíì: Ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Èkó lèmi wà. Wọ́n ti fòfin de styrofoam tí wọ́n fi ń di oúnjẹ níbí láti January 2024, ó dáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣa ike gan-an ló ń gbà wá, látorí àkìtàn Ọ̀jọ́tà dé ẹnu ọ̀nà wa, kílò ni wọ́n ń tà á. Máígáàdì àdúgbò wa máa ń lé wọn bí olè, inú mi kì í dùn sí i. Èmi ti ń kó ike tèmi sí àpò lọ́tọ̀, kí ọbẹ̀ má kàn án, torí èyí tó bá dọ̀tí, iye tí wọ́n ń rà á kì í tó nǹkan. Ẹnu géètì ni mo ń gbé e fún wọn.