Mínísítà ètò ìdájọ́ kì í ṣe "Adájọ́ Àgbà" o

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ láná nípa orúkọ tó yẹ ká máa pe Attorney-General, ìyẹn lọ́yà àgbà fún ìjọba tó tún jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, pé "Adájọ́ Àgbà Ìjọba" ni ká kọ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Ìdí méjì ni wọ́n mú wá: pé ìdájọ́ ló wà lára orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀, àti pé ẹni tó bá wà nípò yẹn lágbára láti dá ẹjọ́ dúró. Wọ́n jù mí lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ sí eléyìí, inú bí mi gan-an nígbà tí mo rí i táwọn kan tún ń ki wọ́n kú iṣẹ́ lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo lẹ́tà "ẹ" kan ṣoṣo. Agbẹjọ́rò, gbà ẹjọ́ rò ni, ìdí nìyẹn tí ẹ yẹn ò fi lámì lórí. Táwọn àgbà bá wá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, gbọ́ ẹjọ́ dá nìyẹn, àmì òkè ti gorí ẹ́. Adájọ́ ló ń gbọ́, lọ́yà ló ń gbà. Ẹni tó ń gbọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ tọ̀tún tòsì, Attorney-General ní tiẹ̀, ẹ̀yìn ẹnì kan ló ń dúró sí, ìyẹn ìjọba tó gbà á síṣẹ́, torí náà tẹ́ ẹ bá pè é ní adájọ́, òwe àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ di òṣìkà kó tó lanu sọ̀rọ̀ rárá.

Ẹ wo ìtàn ipò náà fúnra ẹ̀. Taslim Elias, ọmọ Èkó, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀, ọdún 1960 tá a gbòmìnira. Nígbà táwọn sójà gbàjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966 wọ́n fi Onyiuke rọ́pò ẹ̀, ọdún yẹn ò tíì parí tí Elias fi padà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1972 tí wọ́n fi sọ ọ́ di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná. Tó bá jẹ́ pé Adájọ́ Àgbà ló ti ń jẹ́ láti 1960, kí ni wọ́n wá fi í jẹ ní 1972? Ṣé ó kúrò ní Adájọ́ Àgbà ó lọ di Adájọ́ Àgbà ni? Bọ́lá Ajíbọ́lá ọmọ Òwu l'Abẹ́òkúta náà ńkọ́, tó wà nípò yẹn láti 1985 títí di 1991, tó wá lọ rọ́pò Elias ní kóòtù àgbáyé ní Hague lẹ́yìn tí Elias kú? Ìgbà tó dé Hague ló tó di adájọ́.

Ti Bọ́lá Ìgè ló tiẹ̀ yé mi jù. Lọ́dún 2001 tó wà nípò yẹn ni wọ́n pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, lórí ibi tí ààlà àwọn ìpínlẹ̀ etí òkun parí sí, nítorí owó epo abẹ́ òkun. Àwọn apààyàn pa Ìgè nílé wọn ní Bódìjà n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, títí di òní oró ẹ̀ ò tíì tán lára wa, àwa tá a gbọ́ Yorùbá gidi lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n ṣe gómìnà Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ yẹn ò bá wọn kú torí ipò ló pè é, kì í ṣe èèyàn. Oṣù kẹrin ọdún 2002 làwọn adájọ́ dá a. Ta ló pẹjọ́, ta ló dá a? Adájọ́ wo ló ń dìde nílé ẹ̀ lọ pẹjọ́?

Olu Onagoruwa náà, ní 1994, ìjọba Abacha gbé òfin jáde láìfi tó o létí, ó jáde sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò mọ̀ sí i, wọ́n sì yọ ọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ìwé òfin 1999 pàápàá, abala 150, ohun tó béèrè ni ẹni tó ti lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ lọ́yà fún ọdún 10 ó kéré tán. Kò ní kó ti ṣe adájọ́ rí.

Ó wá ku "dá" tí ẹ̀gbọ́n gbé ara lé. Lóòótọ́ ni abala 174 fún un lágbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn àti láti dá a dúró, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 1983, nínú ẹjọ́ State v. Ilori, pé kóòtù ò lè bi í pé kí ló dé tó fi dá a dúró. Agbára ńlá ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n dá inú dájọ́ àti dá inú dá dúró, bá a ṣe ń pè wọ́n bára mu, dúró tó wà níwájú ẹ̀ ló gbé ìtumọ̀ ẹ̀ lọ síbòmíì. Ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, ta ló ń pè é ní adámọ́tò? Ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ ẹ̀ dúró, wọn ò dá a láre, wọn ò dá a lẹ́bi, wọ́n ṣì lè gbé e padà wá. Dá láre dá lẹ́bi, ti adájọ́ nìyẹn. Bàbá mi ṣe akọ̀wé kóòtù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, "lọ́yà ìjọba" ni wọ́n máa ń pè é, mi ò gbọ́ adájọ́ lẹ́nu wọn rí.

Ẹni tó ní ká máa pe Attorney-General ní "Mínísítà Òdodo", mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láìlámì yẹn, òdòdó inú ọgbà lọ̀pọ̀ èèyàn máa kà.

Ẹni tó sọ pé SAN (Senior Advocate of Nigeria, oyè tí wọ́n ń fi dá àwọn lọ́yà tó ta yọ lọ́lá) làwọn oníròyìn ń pè ní agbẹjọ́rò àgbà, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ 1975 ni wọ́n kọ́kọ́ fi SAN jẹ, Rótìmí Williams àti Graham-Douglas ni wọ́n fún, Rótìmí Williams yìí kan náà ti ṣe Attorney-General Ìwọ̀-Oòrùn nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀, kí oyè yẹn tó wà rárá. Ipò ló ṣáájú, kí oyè lọ wá orúkọ tiẹ̀. Èmi fara mọ́ Àgbà Amòfin fún SAN, mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní adájọ́ náà mọ òfin, ẹ jẹ́ ká jà yẹn lọ́jọ́ mìíràn.

Fún ti Abuja, Agbẹjọ́rò Àgbà fún Ìjọba Àpapọ̀ àti Mínísítà fétò Ìdájọ́ ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ọ̀rọ̀ jọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "Adájọ́ Àgbà Ìjọba" kúrò kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́.