Níbo gan-an ni òfin ìbọn Amẹ́ríkà ti ń kùnà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ wá sọ ọ́

Àlàmú Houston
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará òkè òkun. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún yìnbọn pa èrò níbí, ariwo méjì yẹn náà la máa ń gbọ́: "ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ wọn", "ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ wa". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń lọ lórí káńtà, nínú ìwé àti nílé ẹjọ́, níbo lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́?

Bàbá Ìbejì
Orí káńtà náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ǹsì á mú káàdì ìdánimọ̀ tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára rẹ̀ jáde, á kọ fọ́ọ̀mù 4473, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ fún ríra ìbọn. Ọlọ́jà á wá béèrè lọ́wọ́ NICS, ètò àyẹ̀wò tí FBI ti ń ṣe láti oṣù kọkànlá 1998. Èsì mẹ́ta ló lè bọ́ síta: tà á, má tà á, dúró ná. "Dúró ná" yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fojú sí. Bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta bá kọjá tí FBI ò dáhùn, òfin àpapọ̀ gba ọlọ́jà láyè láti gbé ìbọn fún oníbàárà. Kì í ṣe dandan o, àwọn kan máa ń kọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tà á ò rúfin. Ọ̀nà yìí ni ẹni tó pa èèyàn mẹ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀ṣì Emanuel ní Charleston lọ́dún 2015 gbà rí ìbọn rẹ̀. Wọ́n ti mú un rí lórí oògùn olóró, ó sì ti jẹ́wọ́. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ béèrè ìwé ní ọ́fíìsì tí ìwé ò sí. Ọjọ́ mẹ́ta pé, ìbọn jáde.

Ọmọ Ẹgbá
Ọjọ́ mẹ́ta! Ká ní pásípọ́ọ̀tù wa ń yá báyìí.

Ṣadé Maryland
Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ni baba ìṣòro. Èyí tó pọ̀ jù, ojú ẹsẹ̀ ni èsì máa ń jáde. Kọ̀ǹpútà ò lè rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú rẹ̀ ni. Ẹ wo Sutherland Springs ní Texas, 2017: èèyàn 26 kú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ẹjọ́ ológun ti dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi pé ó lu ìyàwó àti ọmọ, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn kankan mọ́ láyé. Iléeṣẹ́ Ológun Òfuurufú ò fi ìwé ránṣẹ́ sí FBI. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ra ìbọn, NICS ní kí wọ́n tà á. Adájọ́ ní ìjọba ló jẹ̀bi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì gbà láti san $144.5 mílíọ̀nù lọ́dún 2023.

Ọmọ Ẹgbá
Nítorí ìwé kan ṣoṣo.

Tìmọ́tì
Gbogbo èyí dáa. Ṣùgbọ́n ti ilé ìwé Uvalde ní Texas lọ́dún 2022 ńkọ́? Ọmọ ọdún 18, kò ní àkọsílẹ̀ kankan, ó ra ìbọn gígùn méjì lọ́nà tó tọ́, ó pa ọmọ 19 àti tíṣà méjì. Ìwé wo ni ẹ fẹ́ rí níbẹ̀? Òfin àpapọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ò gbọ́dọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé 21, ó wá ní kó ta ìbọn gígùn fún ọmọ 18. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Bàbá Ìbejì
Tìmọ́tì, ọmọ mi, òfin 1968 ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn ìbọn gígùn jẹ́ ìbọn ọdẹ lójú wọn. Florida gbé e sókè sí 21 lọ́dún 2018 lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa èèyàn ní ilé ìwé kan ní Parkland. Ní ti ìjọba àpapọ̀, òfin oṣù kẹfà 2022 kò gbé ọjọ́ orí sókè, ó kàn ní kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ ìgbà èwe ẹni tí kò tíì pé 21, àyẹ̀wò náà sì lè tó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá.

Adùnní
Ẹ fi ìbọn gígùn sílẹ̀ jàre. Ìbọn ìléwọ́ ló ń pa wọ́n jù.

Ṣadé Maryland
Adùnní ṣé o rí i? Kódà, ọ̀rọ̀ ìpànìyàn kọ́ ló pọ̀ jù. Ìbọn pa èèyàn 48,830 lọ́dún 2021. 26,328 nínú wọn ló fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Tẹlifíṣọ̀n ò ní sọ ìyẹn fún yín. Ìdí nìyẹn tí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìbọn nílé fi ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí: kẹ́ ẹ yọ ọta, kẹ́ ẹ ti ìbọn mọ́ inú àpótí irin, kẹ́ ẹ ti ọta mọ́bòmíì, kí ọmọ má mọ nọ́ńbà rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ aṣọ kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ní Michigan, bàbá àti ìyá ọmọ tó yìnbọn ní ilé ìwé Oxford lọ́dún 2021 gba ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 15 lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tìmọ́tì
Ìbọn tó wà nínú àpótí, tí olè wọlé, kí ló fẹ́ ṣe?

Ṣadé Maryland
Àpótí tó ń fi ìka ọwọ́ ṣí wà. Kà á kó o tó jiyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dallas
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó wà lórí fíísà akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ṣé ó lè ní kí mọ̀lẹ́bí bá òun rà á?

Amòfin Kọ́lápọ̀
RÁRÁ. Ẹni tó wà lórí fíísà ìgbà díẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bó bá bọ́ sínú àyè tí òfin yọ sílẹ̀, bíi láísẹ́ǹsì ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá bá a rà á, tó fọwọ́ sí 4473 pé òun lòun ni ín, lè lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún 15 lábẹ́ òfin 2022 yẹn. Ẹni tó bá ní green card lè rà á, nọ́ńbà rẹ̀ á wọ fọ́ọ̀mù. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìbéèrè nípa igbó: bí ìpínlẹ̀ yín tilẹ̀ gbà á láyè, fọ́ọ̀mù ò gbà.

Àlàmú Houston
Ní Texas níbí, ẹnìkan lè ta ìbọn fún aládùúgbò rẹ̀ láìsí fọ́ọ̀mù kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ NICS, ibẹ̀ ńkọ́?

Amòfin Kọ́lápọ̀
Òótọ́ ni, òfin àpapọ̀ ò ní kí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́jà ṣe àyẹ̀wò NICS yẹn. Bẹ́ ẹ bá sì gbé ìbọn Texas yẹn wakọ̀ kọjá New Jersey, kẹ́ ẹ yọ ọta, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ sí búùtù, kẹ́ ẹ má sùn lọ́nà. Ará Utah kan tí ọkọ̀ òfuurufú fi sílẹ̀ ní Newark, ní New Jersey yẹn, gba ẹrù rẹ̀ tí ìbọn wà nínú rẹ̀, ó gbé e lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e. Ó pẹjọ́, ó pàdánù.

Ọmọ Ẹgbá
Bí ọkọ̀ ò bá ní búùtù ńkọ́? Píjìn-hóòlù?

Amòfin Kọ́lápọ̀
Òfin dárúkọ ìyẹn gan-an pé kò kà. Àpótí mìíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ ni, ìbọn àti ọta méjèèjì.